Òkìtì Súìtì Ross: Ta Ló Ni Ìtumọ̀ Iṣẹ́ Ọnà?

Lára iṣẹ́ ọnà tó wà ní ìkáwọ́ Art Institute ìlú Chicago, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni òkìtì súìtì kan tí wọ́n fi bébà aláràbarà wé. Ẹni tó bá wá wò ó lè mú ọ̀kan, kí ó tú u, kí ó sì jẹ ẹ́. Felix Gonzalez-Torres, ọmọ bíbí ilẹ̀ Cuba, ló gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ ní ọdún 1991.

Irú iṣẹ́ báyìí ní baba ńlá. Ní ọdún 1917, ní New York, Marcel Duchamp, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ra ọpọ́n ìtọ̀ tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ilé ìtọ̀ ọkùnrin. Ó kọ orúkọ àdàpè, R. Mutt, sí i lára, ó pè é ní Fountain, ó sì fi ránṣẹ́ sí àfihàn kan tí àwọn alákòóso rẹ̀ ti ṣèlérí pé àwọn yóò gba iṣẹ́ gbogbo ẹni tó bá sanwó. Wọ́n kọ̀ ọ́. Duchamp, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ wọn, fi ipò sílẹ̀. Ọpọ́n náà sọnù. Fọ́tò tí Alfred Stieglitz yà ló kù. Ní ọdún 1957, ní Houston, Duchamp là á mọ́lẹ̀ pé oníṣẹ́ ọnà nìkan kọ́ ló ń parí iṣẹ́, pé ẹni tó ń wò ó ní ipa tirẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí lè rántí àrokò. Lójú tèmi, àfiwé náà kò gún. Ẹni tó di àrokò ránṣẹ́ mọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bí ẹni tó gbà á bá túmọ̀ rẹ̀ sódì, wàhálà dé. Duchamp kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ kankan.

Ti Gonzalez-Torres ló ṣòro jù. "Untitled" ló pe iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé kò ní àkọlé, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé àwòrán Ross ni. Olólùfẹ́ rẹ̀ ni Ross, àrùn éèdì ló sì pa á ní ọdún 1991 kan náà. Ìwọ̀n òkìtì náà ni póùn 175, bíi kílò 79. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwọ̀n ara Ross nígbà tó wà ní àlàáfíà nìyẹn. Bí àwọn èrò bá ti ń mú súìtì, bẹ́ẹ̀ ni òkìtì ń joro, bí ara aláìsàn. Àwọn tó ni ín lè bù kún un, kí ó tún ga. Ní ọdún 1996, àrùn yẹn pa Gonzalez-Torres náà. Síbẹ̀, ọmọdé tí kò mọ ìtàn yìí lè wọlé, kí ó kó súìtì sápò, kí ó máa rẹ́rìn-ín lọ. Kò ṣẹ̀.

Ní ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ di awuyewuye. Àlàyé tí wọ́n kọ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà kò mẹ́nu kan éèdì, kò sì sọ ẹni tí Ross jẹ́. Àwọn ènìyàn fárígá pé wọ́n ń pa òkú rẹ́, wọ́n sì ṣàtúnṣe sí i. Àwọn kan lè sọ pé ìtumọ̀ ti olùwòran ni, pé kò yẹ kí ògiri máa darí ojú ẹnikẹ́ni. N kò bá wọn lọ. Ẹni tí wọn kò sọ fún pé ènìyàn kan kú kò rí àyè yàn bóyá òun yóò ṣọ̀fọ̀. Ògiri ti bá a yàn án.