Bí Òfin Eré Bá Yí Padà, Kí Ni Ayé Inú Rẹ̀ Yóò Ṣe?

Ní ọdún 1989, gbogbo agbanipa tí ó wà ní ilẹ̀ Faerûn kú. Kì í ṣe àrùn ni ó pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ogun. Òrìṣà kan tí à ń pè ní Bane ni ó fa ẹ̀mí wọn mu, kí ó lè rí agbára bá òrìṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, Torm, jà. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ilẹ̀ náà wí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó pa wọ́n gan-an ni pé àwọn tí ó ni eré náà tẹ ìwé òfin tuntun jáde ní ọdún yẹn, wọn kò sì fi iṣẹ́ agbanipa sínú rẹ̀ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá Faerûn lórí àwòrán ayé. Ilẹ̀ inú eré ni. Ẹni tí kò bá mọ irú eré yìí, kí ó fi ojú inú wo ènìyàn márùn-ún tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni atọ́kùn. Òun ni ó ń sọ bí ilẹ̀ ti rí àti ohun tí ó ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn yòókù a di jagunjagun, olè, oṣó tàbí àlùfáà, wọn a sì máa sọ ohun tí wọn yóò ṣe. Bí ewu bá wà nínú ohun náà, wọn a da dáìsì, ìwé òfin ni yóò sì wí bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974; Dungeons & Dragons ni wọ́n pè é. Ayò ọlọ́pọ́n a máa parí kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n eléyìí lè má parí láéláé. Ẹgbẹ́ kan lè lo ọdún mẹ́wàá nínú ìlú kan náà, kí wọ́n fẹ́ aya níbẹ̀, kí wọ́n sì sin òkú níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí fi dun àwọn kan wọ eegun.

Ọmọ Kánádà kan, Ed Greenwood, ni ó ti ń ro Faerûn láti ìgbà èwe rẹ̀, kí eré náà fúnra rẹ̀ tó dé ayé. Ní ọdún 1987 ni a tẹ̀ ẹ́ jáde nínú àpótí kan, a sì pè é ní Forgotten Realms. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni òfin yí padà. Àwọn tí ó ni í wá pinnu pé ohunkóhun tí ó bá yí padà nínú ìwé, àfi kí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Ìpinnu yìí ni mo rí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà.

Èyí tí ó burú jù dé ní ọdún 2008. Nínú òfin àtijọ́, oṣó a máa há ọfọ̀ sórí ní òwúrọ̀. Bí ó bá ti pè é tán, ó ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn, àfi bí ó bá tún un há. Òfin tuntun pa èyí tì. Ó ní àwọn agbára kan wà tí oṣó lè lò nígbàkúùgbà, àwọn kan wà fún ẹ̀ẹ̀kan nínú ìjà kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Báwo ni a ó ti sọ èyí fún àwọn ará Faerûn? Wọ́n ní kí Cyric pa Mystra, òrìṣà obìnrin tí ó ni agbára oṣó. Agbára náà ya wèrè. A gbọ́ pé Halruaa, ilẹ̀ àwọn oṣó, parun. Ilẹ̀ àjèjì sì já bọ́ sí ipò àwọn ilẹ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà wọ́n fo nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Gbogbo ọ̀rẹ́ tí àwọn òṣèré ti ní tí wọ́n jẹ́ ènìyàn lásán ti kú, ọjọ́ orí pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n di ìwé wọn àtijọ́ mú. Nígbà tí òfin mìíràn dé ní ọdún 2014, Mystra ti padà, àwọn ilẹ̀ ti padà sí ààyè wọn, Halruaa pàápàá ti padà dé. Ẹ wo ọ̀nà jíjìn tí a rìn kí a tó padà sílé!

Ilẹ̀ kejì tí mo fẹ́ fi wé e ni Athas, ayé inú Dark Sun, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1991. Oòrùn ibẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kò sí òrìṣà, omi ṣọ̀wọ́n, irin ṣọ̀wọ́n, egungun àti òkúta ni wọ́n fi ń ṣe ohun ìjà. Àwọn oṣó ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, nítorí inú ewéko ni wọ́n ti ń fa agbára wọn. Ẹni tí ó bá rọra fà á, ewéko yóò yè. Ẹni tí ó bá fà á tagbáratagbára, eérú ni yóò kù.

Àwọn tí ó gbé Athas wọ inú òfin tuntun ní ọdún 2010 kò pa ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣe é. Òfin náà ní àlùfáà tí ń gba agbára lọ́wọ́ òrìṣà; wọ́n kàn yọ wọ́n kúrò. Òfin náà retí pé jagunjagun yóò máa rí idà abàmì bí ó ti ń dàgbà. Wọ́n fi agbára idà náà sí ara ènìyàn fúnra rẹ̀. Àwọn ìwé ìtàn tí ó tẹ̀lé àpótí àkọ́kọ́ ti pa ọba púpọ̀. Wọ́n pa ìyẹn tì, wọ́n sì padà sí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa Kalak, ọba Tyr, tí ìlú náà sì dá ẹrú sílẹ̀. Ó dun àwọn tí wọ́n ti fẹ́ràn ìtàn ìkẹyìn yẹn, èmi kò sì dá wọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eérú yẹn ni ó wú mi lórí jù. Ní 1991, òṣèré a máa yàn ní ìbẹ̀rẹ̀ bóyá apanilẹ̀run ni òun tàbí olùtọ́jú, apanilẹ̀run a sì máa tètè gòkè. Ó ti yàn, ó tán. Ní 2010, gbogbo oṣó ni ó lè ba ilẹ̀ jẹ́. Bí ó bá lo agbára ńlá tí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, tí dáìsì sì kọ̀ fún un, ó lè tún un dà. Ṣùgbọ́n ara àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wà nítòsí ni ìpalára rẹ̀ yóò hàn. Nítorí náà, inú ìjà gan-an, níṣojú àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀, ni olúwarẹ̀ yóò ti máa yàn, lójoojúmọ́. Lójú tèmi, òfin tuntun yìí sún mọ́ ọkàn Athas ju òfin tí a bí i sínú rẹ̀ lọ.

Àwọn agbanipa Faerûn ńkọ́? Ìwé òfin ọdún 2000 dá iṣẹ́ wọn padà. Kò sí òrìṣà tí ó jí òkú kankan dìde. Àwọn mìíràn kàn tún wà ní ìlú.