Ìdúró Oṣù Méjìdínlógún ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ará wa ní òkè Ìdáàṣà, nígbà ogun Dáhòmì, orí òkè ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá yín sá lọ. Wọ́n dúró níbẹ̀ títí ewu fi kọjá. Ẹ mọ̀ pé bí ogun bá dí ọ̀nà, ènìyàn ní láti dúró. Kí ni ó yẹ kí á fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹ gbọ́ ìtàn yìí láti etí òkun.

Ọmọ ìlú Òṣogùn ni Àjàyí. Ní ọdún 1821, àwọn ológun kó ìlú wọn. Wọ́n mú òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì yà wọ́n. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé. Òun ni a ń pè ní Samuel Àjàyí Crowther.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, Àjàyí gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú aya àti àwọn ọmọ rẹ̀. Townsend àti Gollmer, òyìnbó oníwàásù méjì, wà pẹ̀lú wọn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Sódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí ń retí wọn, ti kú. Ogun sì ti dí ọ̀nà. Ìrìn àjò dúró.

Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró. Wọn kò káwọ́ gbera. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Yorùbá ni Àjàyí fi ń wàásù. Ó tún jókòó ti gègé àti tàdáwà, ó ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá.

Ní ìparí oṣù keje ọdún 1846, ọ̀nà là, wọ́n sì lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ní Abẹ́òkúta, Àjàyí rí ìyá rẹ̀, Àfàlà. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fojú kan ara wọn. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé ń dà.

Àjàyí kò fi iṣẹ́ èdè sílẹ̀. Ní ọdún 1852, a tẹ ìwé rẹ̀ lórí gírámà àti àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí á lè ka Yorùbá lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, bí òjò bá dá yín dúró sílé, tàbí tí ẹ ń retí ọkọ̀ lẹ́bàá títì, ẹ mú ìwé yín jáde. Ojú ìwé kan lójoojúmọ́ kò kéré. Ó dìgbà o.