Ìjòyè Tí Wọ́n Pè Ní Oṣó

Bí ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá bá ti pé lọ́dọọdún, àwọn ọmọ wa tí a bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín a máa lọ wo iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run. Gbogbo wọn ni ó mọ Guy Fawkes. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbé ẹ̀tù kankan, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún 16 ní ẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Henry Percy ni orúkọ rẹ̀. Ní 1564 ni a bí i. Ní 1585, wọ́n bá òkú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọta ìbọn láyà nínú Tower, ọgbà ẹ̀wọ̀n ọba ní London; bẹ́ẹ̀ ni Henry ṣe di Earl kẹsàn-án ti Northumberland ní ọmọ ọdún 21. Ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa, ọ̀rọ̀ sì máa ń falẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìwé ni ó fẹ́ràn. Ó ń wo ìràwọ̀, ó sì ní ohun èlò bíi ti àwọn tí ń se ògógóró lọ́dọ̀ wa, tí ó fi ń yọ omi inú ewé àti egbòogi. Láyé ìgbà náà, ẹni tí ń wá bí òjé yóò ṣe di wúrà àti ẹni tí ń se oògùn, iná kan náà ni wọ́n ń dá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìjòyè Oṣó.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìṣirò owó, ìwé ìnáwó ilé rẹ̀ tí ó ṣì wà títí di òní ni mo gbà gbọ́ ju ìnagijẹ yẹn lọ. Oṣó wo ni ń kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ kọ́bọ̀ kọ́bọ̀? Ó ń sanwó fún àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́dọọdún, Thomas Harriot sì ni olórí wọn. Ó fún un ní ilé lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Syon, lẹ́bàá Brentford, tí kò jìnnà sí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ sí Heathrow. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje 1609, Harriot gbé awò onígò tí a fi ń wo ohun tí ó jìnnà sójú, ó sì ya òṣùpá sórí bébà. Ó fi bí oṣù mẹ́rin ṣáájú Galileo tí gbogbo ayé ń yìn, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nígbà yẹn, ọ̀gá rẹ̀ ti wà ní Tower. Ìbátan rẹ̀, Thomas Percy, tí ń bá a gba ìṣákọ́lẹ̀ ní ìhà àríwá, ni ó kó bá a. Thomas wà lára àwọn tí ó fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ Ilé Aṣòfin mọ́ Ọba James lórí, ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá 1605 gan-an ni ó sì lọ bá Earl jẹun ní Syon. Lọ́jọ́ kẹrin sí i, wọ́n yìnbọn pa á, ẹlẹ́rìí sì tán. Ilé-ẹjọ́ Star Chamber kò rí ẹ̀rí pé Earl mọ̀ sí i. Wọ́n ní ó gba Thomas sínú ẹ̀ṣọ́ ọba láìjẹ́ kí ó búra. Wọ́n tún ní, nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀, owó ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ lẹ́tà láti dáàbò bò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ sìgìdì, kí ni kí ó kọ? Wọ́n bu ìtanràn £30,000 lé e, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ikú. Nígbẹ̀yìn, £11,000 ni ọba gbà.

Kò jókòó lásán níbẹ̀. Ó kó ìwé rẹ̀ wọlé, ó gbé ohun èlò ìse-oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Walter Ralegh, ẹlẹ́wọ̀n bíi tirẹ̀, náà ń dáná tirẹ̀, Harriot sì ń wá kí wọn. Ó kọ ìmọ̀ràn sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó mọ ohun ìní ara rẹ̀ ju bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ. Mo rí Thomas nínú gbólóhùn yẹn.

Harriot kú ní ọjọ́ kejì oṣù keje 1621. Ní ọjọ́ 18 oṣù yẹn kan náà ni wọ́n dá Earl sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí ó rìn ju máìlì 30 lọ sí ilé rẹ̀ ní Petworth, ní Sussex. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá 1632. Ilé Petworth yìí náà ni àwọn bébà Harriot wà láàárín ìwé ilé, títí di 1784 tí onímọ̀ ìràwọ̀ kan bá wọn níbẹ̀.