Ìdínà Ẹ̀jẹ̀ Ọkàn

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ìdí sì nìyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru kò fi fẹ́ alágbàwí, tí rọpárọsẹ̀ náà, tí í ṣe rọ-apá-rọ-ẹsẹ̀, fi yé tolórí tẹlẹ́mù: ohun tí àrùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún ènìyàn ni a fi pè é. Ṣùgbọ́n "ìkọlù ọkàn" tí a ń gbọ́ lóde òní fún "heart attack" kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Ta ni ó kọlu ta? Ọmọ ogun àti adigunjalè ni í kọluni. Bí a bá sì sọ fún ìdílé kan pé nǹkan kọlu ìyá wọn àgbà, ọ̀tá ayé ni wọn yóò kọ́kọ́ máa wá kiri, kí wọ́n tó wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà. Lára ẹni tí ó ti lé ní 80 ọdún, irọ́ inú orúkọ yìí tún pọ̀ sí i, nítorí pé àyà lè má dun irú wọn rárá. Wọn a kàn máa mí hẹlẹhẹlẹ, ó a rẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ a dàrú mọ́ wọn lẹ́nu, tàbí kí wọ́n ṣubú.

Nínú àrùn yìí, ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó sábà ń dí iṣan tí ń bọ́ ọkàn. Nítorí náà, "ìdínà ẹ̀jẹ̀ ọkàn" ni mo fara mọ́. Ẹ má sì fi ìdènà rọ́pò rẹ̀: dí ọ̀nà ni pé ọ̀nà ti pa dé, dè ọ̀nà ni pé a ń ṣọ́ ọ de ohun tí ń bọ̀, àrùn ni ti àkọ́kọ́, ìṣọ́ra ni ti èkejì.

Lórí orúkọ àwọ̀n irin róbótó tí oníṣègùn ń ti ọrùn ọwọ́ fi sínú iṣan kí ó má baà padé mọ́ ni ìjà tòótọ́ wà. Àwọn kan ní kí a máa pè é ní sítẹ́ǹtì. Orúkọ Charles Stent, oníṣègùn eyín ará Gẹ̀ẹ́sì, ni Òyìnbó fi pè é, kò sì sọ iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe. Lóòótọ́, Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, gba orúkọ Costain fún ibùdókọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ akọ́lé àwọn Òyìnbó láìjanpata, nítorí pé ibùdókọ̀ kò níláti túmọ̀ ara rẹ̀ fún èrò. Ṣùgbọ́n ohun tí a ó fi sínú ara ìyá arúgbó níláti yé e. "Agbéró iṣan" ni tèmi. Alátakò á ní bí a bá pè é bẹ́ẹ̀ ní ibùdókọ̀ Costain, agbèrò tí ń kó èrò sí dánfó ni wọn yóò rò pé a ń wí. Rárá o! A-gbé-ró ni ọ̀kan, a-gbà-èrò ni èkejì. Ohùn ni ó yà wọ́n, ẹni tí kò sì fi àmì ohùn sí Yorùbá ni kí a bá wí.

Ìdí tí ó fi níláti yé e nìyí: ní 2024, ìwádìí SENIOR-RITA ní Ilẹ̀ Ọba Aṣọ̀kan, lára aláìsàn 1,518 tí wọ́n ti tó 75 ọdún sókè, fi hàn pé, nínú irú ìdínà tí iṣan kì í sábà dí pátápátá, yíyẹ iṣan wò àti ṣíṣí i bí ó bá yẹ kò dín ikú àrùn ọkàn kù ju oògùn nìkan lọ, bí ó tilẹ̀ dín ìdínà mìíràn kù. Ìpinnu di ti arúgbó àti dókítà rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò bá sì yé arúgbó kò lè ràn án lọ́wọ́ láti pinnu. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ ìṣègùn jáde, kí ó kọ́kọ́ kà á sétí àwọn ìyá àgbà Ìgánmú àti Èbúté-Mẹ́ta, kí ó sì fa èyí tí kò bá yé wọn ya.