Oòrùn Pupa Lórí Òkun: Ìtumọ̀ Àwòrán Ọkọ̀ Ẹrú Tí Turner Yà

Ní ọdún 1840, J. M. W. Turner, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàtẹ àwòrán òkun kan ní Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó yóò rí oòrùn tó ń wọ̀, òfuurufú tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ìgbì tó ń ru, àti ọkọ̀ kan lọ́ọ̀ọ́kán tí ìjì fẹ́ ká mọ́. Ẹwà ni ojú kọ́kọ́ bá pàdé. Ìgbà tí ojú bá sọ̀ kalẹ̀ sí igun apá ọ̀tún ni àyà tó já: ẹsẹ̀ ènìyàn kan yọ lójú omi pẹ̀lú ìdè irin, ẹja sì yí i ká.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ so àwòrán náà mọ́ ìtàn ọkọ̀ Zong. Ní 1781, àwọn atukọ̀ rẹ̀ ju ẹrú tó lé ní 130 sínú òkun. Àwọn olówó ọkọ̀ sì béèrè owó adójútòfò lórí wọn, bí ìgbà tí ẹrù bá ṣòfò. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, síbẹ̀ ní 1840 wọ́n ṣì ń kó ọmọ Yorùbá láti Èkó lọ sí Kúbà àti Bùràsíìlì. Ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ ni Turner yà, kì í ṣe àtijọ́ nìkan.

Nítorí náà, pípọ́n ojú ọ̀run kọjá ti ìrọ̀lẹ́ lásán, ìjì tó ń bọ̀ sì dà bí ẹ̀san. Irin kì í léfòó, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n léfòó nínú àwòrán yìí: ohun tí àwọn olówò fẹ́ kó rì kọ̀, kò rì.

Nínú ìwé Modern Painters tó jáde ní 1843, John Ruskin yin omi àti òfuurufú àwòrán yìí gidigidi. Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé ni ó fi ọ̀rọ̀ àwọn ẹrú sí. Bàbá rẹ̀ fi àwòrán náà ta á lọ́rẹ ní 1844, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó tà á. Boston ló wà lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí òkun náà fi pọ́n, ẹsẹ̀ tó wà ní igun ni kó ti bẹ̀rẹ̀.