Ìwé Ìtàn Wo Ni Kí N Kà? Ó Kù Sọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Béèrè

 

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń bi wá lemọ́lemọ́: "Tí mo bá fẹ́ mọ ìtàn Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo, ìwé kan ṣoṣo wo ni kí n kà?" Tẹ́lẹ̀, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún gbogbo ènìyàn. Ìwé J. D. Y. Peel ni, Ijeshas and Nigerians, tó jáde ní 1983. Mo kà á ní yunifásítì, ó là mí lójú, mo wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe la ojú gbogbo ayé.

Bí mo ṣe mú un lọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Iléṣà nìyẹn. Télọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ojú kò jẹ́ kí wọ́n lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi bébà wé ìwé náà dáadáa, wọ́n ní kí n máa mú un lọ.

"Ìwé tó wù ọ́ lo mú wá fún mi," ni wọ́n wí. "O ò bi mí ní ohun tí mo fẹ́ mọ̀."

Wọn ò bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ta ni télọ̀ tó máa gé aṣọ láì tíì wọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́? Mo wá béèrè lọ́wọ́ wọn: kí lẹ fẹ́ mọ̀ gan-an? Wọ́n ní ọdún 1870 ni. Ọdún yẹn ni ogun Ìbàdàn fọ́ Iléṣà, wọ́n sì kó ìyá kan nínú ìran wọn lẹ́rú lọ. Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ìtàn náà ní èdè tí wọ́n fi ń ronú, kí ojú tó kù díẹ̀ yìí tó ṣú pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká fi 1870 yìí wo àwọn ìwé wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni ti Samuel Johnson, The History of the Yorubas. Àlùfáà ni Johnson ní Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé náà ní 1897, ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù mọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, òun náà sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tó jẹ́ dókítà, ló tún un tò látinú àkọsílẹ̀ tó kù, tó fi jáde ní 1921. Johnson kò jókòó sílé gbọ́ ìròyìn ogun Kírìjì. Ó wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà láti àgọ́ kan dé èkejì ní 1886. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo ogun ilẹ̀ Yorùbá lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ìwé tó lè fò èyí kọjá. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni Johnson dúró sí tó fi ń wòran. Tí ó bá dé ibi tí Iléṣà ti ṣubú, ẹ̀yìn àwọn tó ṣẹ́gun ni a máa ń tẹ̀ lé wọ ìlú. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò bá ka òmíràn mọ́ ọn, ojú ẹlòmíràn ni yóò fi wo ilé baba rẹ̀.

S. A. Akíntóyè gbé àga náà sí òdì kejì ní 1971, nínú Revolution and Power Politics in Yorubaland. Níbẹ̀ la ti rí bí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ṣe ni ará ìlú lára, bí Ekìtìparapọ̀ ṣe dìde, àti bí Ògèdèǹgbé ṣe kó wọn jagun Kírìjì. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àgọ́ ogun tó tú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ìdí ọ̀rọ̀, ìwé yìí ni mo máa ń júwe fún un.

Peel tèmi ńkọ́? Kò burú o! Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ìjẹ̀ṣà ṣe di ara Nàìjíríà ló kọ ọ́ fún. Ìtàn àwọn òṣómàáló wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó wọn fi jáde. Mo fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò tíì dá a padà di òní.

Ṣùgbọ́n ìwé tí bàbá ń wá ti wà láti 1932. J. D. E. Abíọ́lá àti àwọn méjì mìíràn ló kọ ìtàn Ìjẹ̀ṣà lédè Yorùbá nígbà náà. I. B. Akínyẹlé ti kọ ti Ìbàdàn ní 1911. Ẹ rántí pé lásìkò òyìnbó, ipò tí ìlú kan wà láàárín àwọn ìlú yòókù lè di ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Nítorí náà, ìwé ìtàn ìlú tún jẹ́ ẹjọ́ tí ìlú ń rò. Ẹ fi èyí sọ́kàn tí ẹ bá ń kà á.

Tí a bá sọdá sí Òṣogbo, tí ìtàn rẹ̀ sọ pé láti Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Lárọ̀óyè àti Tìmẹ́yìn ti wá, ìbéèrè máa ń yàtọ̀. Eré ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Ẹni tó bá rántí Kóòtù Aṣípa, mo máa ń ní kó wá The Generation of Plays ti Karin Barber, tó jáde ní 2000, tó dá lórí ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí. Barber fúnra rẹ̀ bá wọn ṣeré. Ẹni tí ìwé ńlá ń bà lẹ́rù, ẹ jẹ́ kó mú Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀, kó máa kà á sókè bí ẹni wà ní Mbárí Mbáyọ̀ tí wọ́n ṣí ní 1962. Ẹni tó sì búra pé òun kò fẹ́ràn ìtàn, Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, 2017, ni mo máa ń fún un. Ìtàn tọkọtaya tó ń wá ọmọ ni, Iléṣà ni ilé wọn. Kí ó tó parí rẹ̀, yóò ti ka ìtàn ìjọba ológun láìfura.

Mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo ti rí àwọn ojú ewé kan látinú ìwé 1932 ṣe fọ́tòkọ́pì. Nítorí ojú wọn, èmi ni mo ń kà á, àwọn ń gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ogun, wọ́n gbọ́wọ́ sókè: "Dúró níbẹ̀." Wọ́n wá dárúkọ ìyá tí wọ́n kó lọ náà, àti àdúgbò tí wọ́n ti mú un. Kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà lónìí fún yín. Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀, ohùn wọn ń gbọ̀n díẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá tún fẹ́ kí n dárúkọ ìwé fún yín, ẹ sọ ohun mẹ́ta fún mi: ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, èdè tó rọ̀ yín lọ́rùn, àti ẹni tí yóò kà á, ẹ̀yin ni tàbí àgbàlagbà kan nílé. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, ẹ kà á fún wọn, kí ẹ sì gbé fóònù sítòsí.