Ẹ̀wà Tí Ó Hù: Bí Ó Ṣe Gba Ẹ̀mí Là, àti Ohun Tí Ó Ń Bà Á Jẹ́

 

Ní ọjọ́ kan, ìyàwó àbúrò mi ké sí mi láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo ohun tí ojú mi rí." Mo lọ. Abọ́ ẹ̀wà kan ni ó gbé síwájú mi. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀wà tí ó bá hù dára fún ara ọmọdé, ó sì ti rẹ ẹ̀wà náà sínú omi láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀wà kò hù. Omi orí rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ, òórùn rẹ̀ sì ń pe eṣinṣin wá. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo ṣe é nìyí. Àbí ẹ̀wà tiwa kì í ṣe irú èyí tí í hù ni?"

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀ràn irúgbìn tí ó hù yìí ti da àwọn ọ̀gá atukọ̀ àti àwọn dókítà ogun láàmú rí, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a lọ. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lálẹ́ òní. Bí a bá sọ ọ́ tán, a ó padà wá sí ìdí abọ́ ẹ̀wà ìyàwó wa.

Kí a tó lọ sí òkè òkun, ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Mímú kí irúgbìn hù nínú ilé kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àwọn ìyá wa tí ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ a máa rẹ àgbàdo sínú omi. Wọn a da omi náà nù, wọn a tẹ́ àgbàdo sórí ewé, wọn a fi ewé mìíràn bò ó, wọn a sì máa wọ́n omi sí i títí yóò fi yọ ẹnu. Lẹ́yìn èyí ni wọn ó sá a sóòrùn, tí wọn ó lọ̀ ọ́, tí wọn ó sì sè é. Bákan náà ni àwọn tí ń fi ọkà bàbà pọn ọtí ń ṣe. Ẹ kíyèsí i pé ìyá oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í fi àgbàdo sílẹ̀ nínú omi títí yóò fi hù. Ó ń rẹ ẹ́ ni, kì í rì í. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wọkọ̀ ojú omi. Ní 1740, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ George Anson kó nǹkan bí 1,900 ènìyàn sínú ọkọ̀, wọ́n ń lọ bá àwọn ará Spéènì jà ní òkun tí ó jìnnà. Nígbà tí yóò fi padà sílé ní 1744, èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ ti kú. Àwọn tí ìbọn ọ̀tá pa nínú wọn kò tó nǹkan. Àrùn ni ó pa ìyókù. Èyí tí ó burú jù nínú àwọn àrùn náà ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní scurvy, tí èmi yóò máa pè ní sìkọ́fì. Bí sìkọ́fì bá mú ènìyàn, yóò kọ́kọ́ máa rẹ̀ ẹ́. Erìgì rẹ̀ yóò wú, yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Eyín rẹ̀ yóò máa mì. Ojú egbò àtijọ́ tí ó ti jinná tipẹ́ yóò tún là. Bí a kò bá sì wá nǹkan ṣe sí i, yóò kú.

Lónìí a mọ̀ pé àìrí fítámì C jẹ ni ó ń fa àrùn yìí. Ara wa kò lè dá a ṣe. Inú èso tútù àti ewébẹ̀ tútù ni a ti ń rí i. Kí ni àwọn atukọ̀ ń jẹ lórí òkun fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin? Bísíkíìtì líle, ẹran oníyọ̀, àti ẹ̀wà gbígbẹ. Kò sí fítámì C nínú rẹ̀ tí ó tó nǹkan.

Ní 1747, dókítà ọkọ̀ kan, James Lind, mú aláìsàn méjìlá, ó pín wọn ní méjì méjì, ó sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn mímu àti ọsàn kíkan ni ara wọn kọ́kọ́ yá. Ẹnikẹ́ni yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Kò parí. Ó di 1795 kí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó pàṣẹ pé kí a máa fún àwọn atukọ̀ ní omi ọsàn kíkan.

Láàárín ìgbà náà ni irúgbìn tí ó hù wọ inú ìtàn wa. Ní 1764, dókítà ará Áílándì kan, David MacBride, kọ ìwé kan. Ó ní bí a bá mú ọkà báálì hù, tí a gbẹ ẹ́, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì fi omi gbígbóná pò ó, omi rẹ̀ yóò wo sìkọ́fì. Ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ̀nà tí àwọn ìyá wa ń gbà ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Captain James Cook gbé ọkà yìí lọ nínú ìrìn-àjò rẹ̀ yíká ayé láti 1768 sí 1771. Sìkọ́fì kò pa ẹnì kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, Cook sì yin ọkà náà. Ṣùgbọ́n bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, ìyìn náà kò tọ́ sí i. Níbikíbi tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ ni Cook ti ń mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ já ewé tútù jẹ. Ewé ni ó gbà wọ́n. Ọkà tí wọ́n mú hù ti ní fítámì C lóòótọ́ nígbà tí ó wà ní tútù, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n fi gbẹ ẹ́ ti pa á run kí ó tó dé inú ọkọ̀. Wọ́n ní oògùn lọ́wọ́, wọ́n sì fi iná sun ún. Àṣìṣe kékeré báyìí ni ó mú kí àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí kò lè gbà wọ́n.

Ó tó nǹkan bí àádọ́jọ ọdún kí àṣírí náà tó tú. Ní 1912, ọ̀mọ̀wé ará Nọ́wè kan, Valentin Fürst, ń fi ẹranko kékeré kan ṣe ìdánwò. Ẹranko náà fẹ́ jọ òkété, ṣùgbọ́n kò ní ìrù, sìkọ́fì sì máa ń mú un bí ó ti ń mú ènìyàn. Fürst rí i pé bí ó bá fún wọn ní ọkà àti ẹ̀wà gbígbẹ nìkan, àrùn yóò mú wọn. Bí ó bá jẹ́ kí irúgbìn kan náà hù kí ó tó fún wọn, ara wọn yóò le. Èyí fi hàn pé ẹ̀wà gbígbẹ kò ní oògùn náà nínú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jí tí ó ń hù, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é.

Ogun Àgbáyé Kìíní dé. Ní December 1915, àwọn ọmọ ogun Tọ́kì sé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Íńdíà mọ́ ìlú Kut, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Íráàkì lónìí. Oúnjẹ tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pa ẹṣin jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Íńdíà kọ ẹran ẹṣin nítorí ẹ̀sìn àti àṣà wọn, sìkọ́fì sì bá wọn jà gidigidi. Ní 29 April 1916, ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ Tọ́kì. Kódà lẹ́yìn ìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Íńdíà ni sìkọ́fì ṣì ń mú ní ilẹ̀ náà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin kan ń ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Harriette Chick ni orúkọ rẹ̀, Lister Institute ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ rántí orúkọ náà. Òun àti Margaret Hume tún ìdánwò irúgbìn náà ṣe ní 1917, wọ́n sì rí i pé òtítọ́ ni. Wọ́n wá kọ́ àwọn oníṣẹ́ ogun ní ọ̀nà tí ó rọrùn: kí a rẹ odindi ẹ̀wà fún ọjọ́ kan, kí a da omi rẹ̀ nù, kí a jẹ́ kí ó wà ní ọ̀rinrin níbi tí atẹ́gùn ti lè kàn án fún ọjọ́ méjì, kí a sì tètè sè é, kí ó má pẹ́ lórí iná. Ẹ̀wà gbígbẹ ṣeé dì sínú àpò, kò sì tètè bàjẹ́ bí ọsàn. Ibi tí a kò ti lè gbin ewébẹ̀ kankan, a lè mú ẹ̀wà hù níbẹ̀.

Ní 1918, dókítà ogun kan, H. W. Wiltshire, sọ ohun tí ó rí láàárín àwọn ọmọ ogun Sẹ́bíà tí sìkọ́fì ń bá jà. Ó fún apá kan ní omi ọsàn kíkan, ó fún apá kejì ní ẹ̀wà tí ó ti hù. Àwọn tí ó jẹ ẹ̀wà kò kẹ́yìn àwọn tí ó mu omi ọsàn rárá. Ara wọn tilẹ̀ tètè yá jù. Nígbà tí ìyàn mú ní agbègbè Hissar ní Íńdíà, ní nǹkan bí 1939 sí 1940, ẹ̀wà tí ó hù yìí kan náà ni wọ́n pín fún àwọn ènìyàn láti dá sìkọ́fì dúró. Chick fúnra rẹ̀ pẹ́ láyé. Ọdún 102 ni ó lò kí ó tó kú ní 1977.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀yìnkùlé wa. Kí ni ó ń ba ẹ̀wà jẹ́ tí kì í fi í hù?

Àkọ́kọ́, ẹ wo ẹ̀wà náà fúnra rẹ̀. Chick kìlọ̀ pé odindi ẹ̀wà ni kí a lò. Èyí tí a ti là sí méjì, tàbí tí a ti bó, kò lè hù mọ́. Èyí tí kòkòrò ti lu, tàbí tí ó ti pẹ́ jù nínú àpò, kì í sábà hù, ríra ni yóò rà láàárín àwọn tí ó dára. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ ka ogún hóró, kí ẹ kọ́kọ́ mú wọn hù. Bí mẹ́rìndínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá yọ ẹnu, ẹ̀wà yín dára. Ẹ má sì lo irúgbìn tí a fi oògùn kòkòrò pa fún gbígbìn, májèlé ni.

Ẹ̀kejì ni omi, òun sì ni ó ṣe ìyàwó wa. Irúgbìn ń mí. Bí ó bá pẹ́ nínú omi, yóò kú sínú rẹ̀, omi yóò sì kan. Ọjọ́ kan tí Chick sọ, ìlú òtútù ni ó ti sọ ọ́. Nínú ooru tiwa, òru kan ṣoṣo ti tó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi mímọ́ ṣan ẹ̀wà, kí ẹ sì dà á sínú asẹ́ tàbí ajere kí ó gbẹ omi dáadáa. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ó lọ́rinrin bò ó, kí ẹ gbé e síbòji. Ẹ máa ṣan án láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ ó rí ẹnu funfun tí ó yọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe kó o jọ gègèrè. Bí ó bá nípọn jù, àárín rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì máa yọ̀ bí ilá.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rí irun funfun wẹ́wẹ́ lára ẹ̀wà, wọn a ní ó ti bu. Ẹ ṣan án ná. Bí ó bá jẹ́ ìdí gbòǹgbò nìkan ni irun náà wà, tí ó pòórá nígbà tí omi kàn án, irun gbòǹgbò ni, kò léwu. Bí ó bá ta bí òwú láti orí hóró kan dé èkejì, tí ó sì ń rùn, ó ti bu. Ẹ dà á nù, ẹ má ṣe ṣà á.

Mo ní ìkìlọ̀ méjì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Èkíní ni ti ọkà bàbà. Àwọn darandaran mọ̀ pé màlúù tí ó bá jẹ ọ̀mùnú ọkà bàbà lè kú. Májèlé náà wà nínú èyí tí a mú hù nínú ilé pẹ̀lú. Ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù. Àwọn ìyá wa a máa sá a, wọn a yọ èhù rẹ̀ kúrò, wọn a sì sè é pẹ́.

Èkejì, ooru àti ọ̀rinrin tí ń mú kí ẹ̀wà hù, kòkòrò àrùn fẹ́ràn wọn pẹ̀lú. Ní 2011, ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn ènìyàn jẹ èhù irúgbìn kan ní tútù, irúgbìn tí ó ti Íjíbítì wá. Kòkòrò àrùn wà lára rẹ̀. Ó ju 3,800 ènìyàn lọ tí ó ṣàìsàn, ó sì ju 50 lọ tí ó kú. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ náà kò ṣe aláìní omi mímọ́. Nítorí náà, bí èhù ẹ̀wà bá ti hù tán, ẹ sè é kí ó hó dáadáa, kí ó sì jinná, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ fún ọmọdé, aláboyún tàbí arúgbó. Iná yóò mú díẹ̀ nínú fítámì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí kò bá pẹ́ jù lórí iná, díẹ̀ yóò kù. Ọsàn àti ẹ̀fọ́ ọjà wa yóò sì kún ìyókù.

Ìyàwó àbúrò mi da abọ́ rẹ̀ nù, ó fọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Ajere ìyá àgbà ni ó yá. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún ké sí mi láti ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ó hù o!" Àwọn ọmọ ti yí ajere ká, wọ́n ń ka ẹnu ẹ̀wà.